Bátìrì àti Ẹsáǹsì Kì í Gbé Inú Àpótí Kan Náà

Ẹ̀yin ará Ìfọ̀nyìn, ẹ̀yin ará Dàágbé àti Bánígbé, títí dé Kó-Kúmólú, ẹ jókòó kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá Cyprien télọ̀ fún yín. Kì í ṣe àhesọ o. Cyprien fúnra rẹ̀ ló wá bá mi níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà. Ó ní, "Kamaráàdì, kọ ọ́ sílẹ̀. Má fi orúkọ mi pamọ́. Kí ojú tì mí sàn ju kí wọ́n máa ṣọ̀fọ̀ mi lọ."

Mo ní kò burú. Òun ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Cyprien ní ọkọ̀ ojú omi kan. Kì í ṣe ọkọ̀ apẹja, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kó gbágùúdá lọ sí Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ fàájì ni. Nígbà tí Rẹfolísíọ̀n dé, tí ìjọba yí padà, tí àwọn òyìnbó kan ń di ẹrù wọn láti padà sílé, ọ̀kan nínú wọn tà á fún un. Ọkọ̀ pákó ni, ó ní mọ́tò kékeré lẹ́yìn àti ìjókòó mẹ́ta. Inú àgbàlá rẹ̀ ní Ìfọ̀nyìn ló ń gbé e sí. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn a gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó di etí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá rán aṣọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó tọ́ kí ó na ẹsẹ̀ díẹ̀. Èmi ò bá a wí lórí ìyẹn.

Ọkọ̀ náà ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan, pẹ̀lú báfù kékeré kan tí ohùn ń gbà jáde. Báfù yìí ò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ó ń ṣe ìwọ̀n tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọkọ̀ fàájì mìíràn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí ọ̀sà. Orin tiwọn ń dún tó bẹ́ẹ̀ tí pákó ìjókòó Cyprien fi ń gbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ nawọ́ sí wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará oko, ṣé orin ni ẹ ń gbọ́ yẹn ni, àbí ebi ló ń pa yín tí inú yín fi ń kùn?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Rosalie, ìyàwó Cyprien, náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ yẹn ló dùn ún jù.

Bí wọ́n ṣe délé ló ní, "Màá tún ẹ̀rọ orin yẹn ṣe, màá sì fọwọ́ ara mi ṣe é. Kí ló wà nínú wáyà tí kò sí nínú òwú? Èyí tó bá já, a ó so ó pọ̀."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹnu télọ̀!

Ó lọ bá Ràmọ́nù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà ẹnubodè. Ràmọ́nù wá báfù ńláńlá méjì fún un, ó wá áńpílì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Nígbà tí iná ẹ̀rọ àtijọ́ ò tó gbé e mọ́, wọ́n ra bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ku wáyà. Ràmọ́nù ní wáyà iná kẹ̀kẹ́ tó pọ̀ nílé. Wọ́n ní ìyẹn náà tó.

Ọ̀rọ̀ wá kan ibi tí wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹnubodè bíi tiwa, ẹ máa ń mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, àpótí onídèérí kan wà. Ibẹ̀ ni Cyprien ń gbé bídọ̀nù ẹsáǹsì, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù, tó fi ń wa mọ́tò sí. Òyìnbó tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Ṣùgbọ́n ẹsáǹsì tiwa níbí, ẹ mọ ọ̀nà fàyàwọ́ tó ń gbà wọlé. Òórùn ń gba ojú ihò yẹn jáde, àwọn aṣọ́bodè sì nímú. Cyprien fi àkísà àti ọ̀dà dí ihò méjèèjì pa. Láti ìgbà náà, aṣọ́bodè lè jókòó sórí àpótí yẹn kí ó má gbóòórùn kankan.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí. A ti fi ẹsáǹsì pamọ́ pamọ́ débi pé a ò tiẹ̀ rántí pé iná ni mọ́.

Inú àpótí yìí kan náà ni wọ́n gbé bátìrì àti áńpílì sí. Cyprien ní ibẹ̀ ló gbẹ jù, omi ò lè ta dé ibẹ̀, olè ò sì lè rí i. Ó pa dèérí dé. Ó wá gbé tìmùtìmù kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán lé e lórí, aláwọ̀ pupa, tó ní bọ́tìnì láàárín. Ìyá rẹ̀, Màmá Àpínkẹ́, ló rán an fún. Màmá ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀. Ó ti gbà pé òun yóò bá wọn lọ ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kì í sì í mì púpọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n parí iṣẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni Scholastique, ẹ̀gbọ́n Cyprien obìnrin, ti Kútọnu dé láti wá wo ìyá wọn. Ní èbúté, níbi kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, òun ló ń tọ́jú yàrá ohun èlò iná. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí níbẹ̀. Ohun tó bá jó nínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà sí kí ó tó fún wọn ní tuntun.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kú ìrìn," ni Rosalie wí. Ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ràmọ́nù nàró ṣánṣán, ó kí i ní ìkíni Rẹfolísíọ̀n, "Èhúzú, kamaráàdì!"

"Dandan," ni Scholastique dáhùn, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mu omi ná."

Cyprien ò jẹ́ kí ó mu ún tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan. Lọ́la, a ó fi orin pe ẹja jáde nínú ọ̀sà."

"Ta ló ń lọ?"

"Gbogbo wa ni. Èmi, Rosalie, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ràmọ́nù, Màmá. Bí ẹ bá bá wa lọ, a di mẹ́sàn-án. Ẹ wo ibi tí mo ṣe fún Màmá."

Scholastique fọwọ́ kan tìmùtìmù náà, ó yìn ín. Ó gbé e kúrò, ó ṣí dèérí. Kíá ló fà sẹ́yìn, ó fi ìborùn bo imú.

"Ràmọ́nù, sìgá wo nìyẹn lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, sìgá lásán—"

"Lọ pa á lójú títì. Mo ní lójú títì!"

Ràmọ́nù lọ. Ó ń kùn bó ṣe ń lọ.

Scholastique yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Cyprien, ìwọ lo kó bátìrì àti ẹsáǹsì sójú kan?"

"Bídọ̀nù ní ìdérí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀kán kan ò dà sílẹ̀."

"Kò dìgbà tó bá dà. Òórùn tó lù mí nímú yìí, òun gan-an ló ń gbaná. Ojú ò rí i. Ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń lọ. Bí ó bá jẹ́ inú ilé ni, ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Inú ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Ọkọ̀ dà bí igbá. Ohun tó bá dà sínú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ló ń wà. Ìdí tí òyìnbó yẹn fi lu ihò nìyẹn. Ta ló dí i?"

Cyprien wo ilẹ̀. "Àwọn aṣọ́bodè—"

"Mo ti gbọ́. Nígbà tí o ń so wáyà mọ́ bátìrì, kò ta iná?"

"Ó ta díẹ̀. Kékeré báyìí."

"Kékeré yẹn ti tó. Fisíbù dà?"

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, fisíbù ni wáyà tínínrín tó wà nínú ìgò kékeré. Ojú ọ̀nà tí iná ń gbà là ń fi í sí. Bí iná bá pọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé, fisíbù a já, gbogbo rẹ̀ a kú, ewu a kọjá.

Ràmọ́nù ti ojú títì dáhùn. "Ó wà níbẹ̀! Ó kàn ń já ṣáá ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló já láàárọ̀ yìí. Mo wá fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e lára. Wàláhì, kò já mọ́!"

"Ṣé yóò tún já ni? O pa ajá tó ń gbó nílé, o wá ń dúpẹ́ pé ilé dákẹ́."

Inú bí Cyprien. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun wí níwájú ìyàwó òun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, yàrá ẹrù lẹ ń tọ́jú. Ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ iná."

"Òótọ́ ni. Ohun tó bá jó ni mò ń gbà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé áńpílì kan wá bá mi. Aṣọ ẹni tó ni ín ti yọ́ mọ́ ọn lára. Ẹni náà ò bá a wá."

Ṣùgbọ́n ojú ayé burú. Cyprien ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé lọ́la ni. Ó nawọ́ sínú àpótí, ó di wáyà mú. "Ẹ jẹ́ kí n so ó, kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó dákẹ́."

"Cyprien!" Rosalie ló ké. "Bí o bá so wáyà yẹn, èmi àtàwọn ọmọ ti kọrí sí Bánígbé, sílé bàbá mi. Lónìí yìí! Èmi ni mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, mo sì tọrọ gáfárà. Má tìtorí ẹ̀rín pa wá."

Ọwọ́ Cyprien dúró.

Scholastique rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò mi, èmi náà fẹ́ gbọ́ orin. Ẹ kó o jáde. Ẹ gbé bídọ̀nù lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ gbé bátìrì, áńpílì, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àti báfù sórí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kó jìnnà sí ọkọ̀, kí ẹ so ó bí ẹ ṣe so ó gẹ́lẹ́. Kí Rosalie bu yẹ̀pẹ̀ sínú garawa sí ìtòsí. Bí nǹkan kan ò bá ṣe é, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín."

Wọ́n kó o jáde. Wáyà kẹ̀kẹ́ náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Cyprien ò gé e, nítorí télọ̀ kì í gé òwú ṣòfò. Ńṣe ló ká èyí tó ṣẹ́kù jọ bí òwú, ó gbé e lé àjákù aṣọ kan kí ó má baà dọ̀tí. Ràmọ́nù so ó. Orin bẹ́ jáde.

Háà! Orin náà dùn, kí n má parọ́. Èmi tí ilé mi jìnnà síbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ewúrẹ́ sá wọ ilé aládùúgbò. Àwọn ọmọ ń jó. Màmá Àpínkẹ́ jáde láti yàrá, ó ń mi èjìká. Cyprien wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tìyangàn-tìyangàn.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Jẹ́ kó dé ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n yí kásẹ́ẹ̀tì. Orin kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Rosalie ní òun ń gbóòórùn rọ́bà. Wọ́n bojú wolẹ̀. Wáyà tí wọ́n ká jọ ń rú èéfín. Rọ́bà ara rẹ̀ ti ń rọ̀ bí òrí tó wà nínú oòrùn. Kí wọ́n tó ké, irin inú rẹ̀ fara kan ara wọn. Orin kú, wáyà pọ́n yòò, àjákù aṣọ abẹ́ rẹ̀ sì gbaná.

Ràmọ́nù fa igi yọ, ó fi já wáyà kúrò lórí bátìrì. Rosalie da yẹ̀pẹ̀ lé iná náà. Ó kú. Bébà sìgá tó wà lára fisíbù ṣì ń dán síbẹ̀. Kò já. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n ti so ó.

Màmá Àpínkẹ́ wo ilẹ̀ tó dúdú náà. Ó béèrè pé, "Níbo lẹ ti kó ìyẹn jáde?"

Rosalie ló sọ ọ́. "Abẹ́ ìjókòó yín ni, Màmá. Òun àti ẹsáǹsì."

Cyprien jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó wá bá mi, ó ní, "Kamaráàdì, ìyá tó bí mi ni mo rán tìmùtìmù fún, tí mo wá gbé ka orí iná. Tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi ṣe é." Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn lẹ́yìn oṣù kan gbáko.

Màmá ò bá a jà. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, èmi ò tiẹ̀ gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ta lo ń pariwo fún ná?"

Wọn ò lọ sí ọ̀sà ní ọjọ́ kejì. Àwọn oníbàárà fi Cyprien ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì gbé e mì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Scholastique padà wá, wọ́n tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ ha àkísà àti ọ̀dà kúrò lójú ihò méjèèjì. Wọ́n gbé bídọ̀nù ẹsáǹsì kúrò nínú àpótí, ó di ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ní gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n gbé bátìrì lọ, nínú àpótí tirẹ̀ tó ní ihò lókè. Wọ́n fi okùn dè é kí ó má ṣubú bí ìgbì bá dé, nítorí omi inú bátìrì a máa bó ni lára. Wáyà tó ki, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ni wọ́n lò, wọ́n sì gé e bó ṣe yẹ. Fisíbù gidi wọlé, kò jìnnà sí orí bátìrì ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Báfù kan ṣoṣo ni wọ́n fi síbẹ̀. Scholastique ní ariwo báfù méjì kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ọkọ̀ mìíràn bá ń fun fèrè bọ̀, tàbí bí ọmọ bá já sómi tó ń ké.

Ràmọ́nù béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn aṣọ́bodè wá ńkọ́? Wọn ó rí bídọ̀nù."

"Ẹsáǹsì fàájì ọjọ́ kan, ẹ rà á níbi tí ẹ ti lè fi ẹnu yín sọ pé ẹ rà á. Bí aṣọ́bodè bá bi yín, ẹ dáhùn. A lè bẹ aṣọ́bodè. Iná kì í gbẹ̀bẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú dé. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọ ọkọ̀. Màmá Àpínkẹ́ jókòó lẹ́yìn, ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí, ó ń gbàdúrà. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Orin ń dún ní ìwọ̀nba.

Wọ́n ti dé àárín ọ̀sà nígbà tí orin ṣàdédé kú. Àwọn ọmọ pariwo, "Áà! Pàpá!"

Cyprien dín iná mọ́tò kù. Ó lọ wo iwájú. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ló kọ́ wáyà báfù, wáyà náà bó, irin inú rẹ̀ fara kan ara wọn bíi ti ọjọ́sí. Ó fọwọ́ kan wáyà tó ti orí bátìrì wá. Ó tutù. Ó wo fisíbù. Ó ti já.

"Kí ló dé?" ni Rosalie béèrè. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Fisíbù ló já."

"Ṣé ó burú?"

"Kò burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe."

Ó ní òmíràn nínú àpò. Kò fi í sí i. Ó tú wáyà kúrò lórí bátìrì, ó ní kí orin dákẹ́ títí dilé. Wọ́n jẹ ẹja díndín àti gààrì. Màmá ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní Kó-Kúmólú fún àwọn ọmọ, wọ́n sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Cyprien dúró sínú omi, ó ń fa ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ sókè. Ó ní òun ń kà wọ́n bí òun ṣe ń fà wọ́n. Pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, wọ́n pé mẹ́sàn-án. Ó ní òun tún kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, òun ò sì mọ ìdí tí òun fi ń sunkún.

Èmi mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má fọwọ́ ara yín tún ẹ̀rọ orin inú ọkọ̀ yín ṣe. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bátìrì àti ẹsáǹsì ò gbọdọ̀ bára wọn gbé níbi tí atẹ́gùn ò sí. Ihò tí ẹni tó kan ọkọ̀ bá lu, ẹ má dí i, aṣọ́bodè ì báà wà ní gbogbo igun ọ̀nà. Wáyà kẹ̀kẹ́, ti kẹ̀kẹ́ ni. Bí fisíbù bá ń já, ohun kan ló ń sọ fún yín. Ẹ wá ohun náà rí. Ẹ má fi bébà sìgá, ìṣó tàbí irin kankan pa á lẹ́nu mọ́. Kí ẹ tó fi iná sí mọ́tò, ẹ ṣí gbogbo dèérí, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ wọlé dáadáa. Imú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lò kí ẹ tó lo ọwọ́.

Iná tó bá sọ nílé, a lè sá jáde. Èyí tó bá sọ láàárín ọ̀sà, níbo la fẹ́ sá sí? Èyí tí kò mọ̀wẹ̀ nínú wa ló pọ̀ jù.

Bí ọ̀kan nínú yín bá ń ka ìwé yìí, tó sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òun ṣe wà báyìí, kó má dúró di ọjọ́ Àìkú. Kó dìde nísinsìnyí, kó lọ gbé bídọ̀nù yẹn jáde.